Ìjọ Àdúgbò: Kí Ló Jẹ́, Kí sì Nìdí Tí Kristẹni Fi Nílò Rẹ̀?

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Inú ìjọ Kristi ni mo wà, mi ò sí nínú ìjọ èèyàn kankan." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀, àmọ́ ó kù síbì kan.

Ọ̀nà méjì ni Bíbélì ń gbà sọ̀rọ̀ nípa ìjọ. Àkọ́kọ́ ni ìjọ àgbáyé: gbogbo ẹni tó jẹ́ ti Kristi ní gbogbo ilẹ̀, láti ìgbà àwọn àpọ́sítélì títí dòní, àtòkú àtalààyè. Ọlọ́run nìkan ló mọ iye wọn. Ìkejì ni ìjọ àdúgbò: àwọn onígbàgbọ́ tó ń gbé níbi tí wọ́n ti lè máa pàdé, tí wọ́n ti gbà láti jọ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, láti jọ máa jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, àti láti máa rí sọ́rọ̀ ara wọn lábẹ́ àwọn aṣáájú tí wọ́n mọ̀ lójú, tí wọ́n sì mọ̀ lórúkọ. Ilé kọ́ là ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Róòmù, ó kí ìjọ tó wà nínú ilé Pírísílà àti Ákúílà. Ní 1530, nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn Martin Luther, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe àtúnṣe ìjọ nígbà yẹn, gbé ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wọn kalẹ̀ nílùú Augsburg ní Jámánì, wọ́n ní ìjọ ni àpéjọ àwọn ènìyàn mímọ́, níbi tí a ti ń kọ́ni ní ìhìnrere bó ṣe tọ́, tí a sì ń ṣe ìrìbọmi àti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa bó ṣe yẹ.

Nínú ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibi méjì péré ni Jésù ti dárúkọ ìjọ, Mátíù ló sì kọ méjèèjì sílẹ̀. Ní orí 16, ó ní òun yóò kọ́ ìjọ òun, ẹnubodè ikú kò sì ní borí rẹ̀. Ìjọ àgbáyé nìyẹn. Ní orí 18, ọ̀rọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ wá sáàárín ìwọ àti arákùnrin tó ṣẹ̀ ọ́. Lọ bá a ní ìwọ àti òun nìkan. Bí kò bá gbọ́, mú ẹnì kan tàbí méjì dání. Bí kò bá gbọ́ síbẹ̀, sọ fún ìjọ. Ìjọ wo? Kò sẹ́ni tó lè lọ rojọ́ níwájú ìjọ àgbáyé. Ó ní láti jẹ́ ìjọ tó ní ibi tí èèyàn lè bá a, tó mọ ẹni tó ń fẹjọ́ sùn, tó sì mọ ẹni tí wọ́n ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ẹsẹ tí àwọn tó dá wà fẹ́ràn jù ni ẹsẹ 20 nínú orí yẹn kan náà, níbi tí Jésù ti sọ pé níbi tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta bá kó ara wọn jọ lórúkọ òun, òun wà láàárín wọn. Wọ́n máa ń fi gbè é lẹ́sẹ̀ pé ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ti tó ìjọ. Ṣùgbọ́n orí ọ̀rọ̀ ìbáwí àti ìlàjà ni Jésù wà nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí èèyàn fúnra rẹ̀ yàn, tó sì lè pa tì lọ́la bó bá bá a wí, kò ní lè ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ yẹn ń sọ.

Ẹ wo 1 Tímótì orí 5. Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn opó tí ìjọ yóò máa bójú tó sílẹ̀. Kí opó náà ti pé ọmọ 60 ọdún ó kéré tán, kó ti tọ́ ọmọ, kó ti gba àlejò, kó ti ran àwọn tí ìyà ń jẹ lọ́wọ́. Èyí tó bá ní ẹbí, kí ẹbí rẹ̀ tọ́jú rẹ̀, kí ẹrù má bàa wọ ìjọ lọ́rùn. Ta ló lè dáhùn irú ìbéèrè wọ̀nyí nípa obìnrin kan, bí kì í bá ṣe àwọn tó ti bá a gbé pọ̀? Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ń wò ó kí orúkọ rẹ̀ tó dé inú ìwé.

Ní nǹkan bí ọdún 155, Justin, Kristẹni kan tó ń gbé ní Róòmù, kọ̀wé sí olú-ọba Antoninus Pius láti ṣàlàyé ohun tí àwọn Kristẹni ń ṣe. Ó ní lọ́jọ́ Sunday, àwọn tó wà nílùú àti àwọn tó wà lóko máa ń péjọ síbì kan. Wọ́n á ka àkọsílẹ̀ àwọn àpọ́sítélì tàbí ìwé àwọn wòlíì, ẹni tó ń darí á gbà wọ́n níyànjú, gbogbo wọn á dìde gbàdúrà, wọ́n á sì jẹ búrẹ́dì, wọ́n á mu wáìnì. Lẹ́yìn náà, àwọn díákónì á gbé lára rẹ̀ lọ fún àwọn tí kò lè wá. Ọrẹ tí wọ́n dá wà fún àwọn ọmọ òrukàn, opó, aláìsàn, ẹlẹ́wọ̀n àti àlejò.

Ọ̀rọ̀ àwọn díákónì yẹn ló jọ mí lójú jù. Kí díákónì tó lè gbé búrẹ́dì lọ fún ẹni tí kò wá, ó ní láti mọ̀ pé kò wá, kó mọ ilé rẹ̀, kó sì mọ ohun tó dá a dúró. Ìsìn orí fóònù dára fún aláìsàn àti ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Béèyàn ò bá tan fóònù náà fún oṣù mẹ́ta, oníwàásù tó ń wò kò ní béèrè rẹ̀. Ká sọ tòótọ́, bákan náà lọ̀rọ̀ rí fún ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn nínú ìjọ ńlá lọ́dọọdún, tó ń sá jáde kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán. Ó lọ síbi ìsìn, òótọ́ ni; kò tíì sí nínú ìjọ.

Olè orí àgbélébùú ńkọ́? Ó wọ Párádísè láìwọ ìjọ kankan. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kò ráyè sọ̀kalẹ̀. Ohun tó ń gbani là ni ìgbàgbọ́ nínú Kristi. Ìjọ àdúgbò ni ibi tí ẹni tí a ti gbà là ti ń gbé ìgbé ayé ìgbàgbọ́ náà. Jọ́hánù náà dá wà ní erékùṣù Pátímọ́sì torí wọ́n lé e lọ síbẹ̀, síbẹ̀ ìjọ méje tí a dárúkọ ìlú wọn níkọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní kó kọ̀wé sí.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn tí ìjọ ti pa lára. Kò yẹ ká fojú kéré rẹ̀. Kọ́ríńtì pàápàá kì í ṣe ìjọ tó fani mọ́ra: wọ́n pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, wọ́n ń pera wọn lẹ́jọ́, ebi ń pa àwọn kan nídìí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa nígbà táwọn míì ti yó kẹ́ri. Pọ́ọ̀lù bá wọn wí gidigidi, ṣùgbọ́n ìjọ Ọlọ́run ló ṣì ń pè wọ́n. Nítorí náà, pé èèyàn rí àgàbàgebè níbì kan kò tó ìdí láti dá wà. Àmọ́ níbi tí wọ́n bá ti pa ìhìnrere tì, tàbí tí aṣáájú bá sọ ara rẹ̀ di olúwa lórí agbo, ohun tí Pétérù kìlọ̀ fún àwọn alàgbà pé wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe, kíkúrò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìwà ọ̀daràn ni, ọlọ́pàá ló yẹ kó gbọ́. Ìpàdé alàgbà nìkan kò tó. Ìjọ mìíràn ni kí ẹni tó kúrò wá, kódà bó bá pẹ́ kó tó lè fọkàn tán wọn.

Bó bá débẹ̀, kó lọ bá àwọn aṣáájú, kó sọ pé òun fẹ́ wà láàárín wọn, kó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n gbà gbọ́ àti bí wọ́n ṣe ń ná owó ìjọ, kó sì jẹ́ kí àwọn náà bi òun ní ìbéèrè. Bó bá ń kó lọ sílùú mìíràn, kó gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Bí Fébè ṣe dé Róòmù nìyẹn. Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ pé ìránṣẹ́ ìjọ tó wà ní Kẹnkíríà ni, ó ti ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, títí kan òun fúnra òun, kí wọ́n gbà á, kí wọ́n sì ràn án lọ́wọ́ nínú ohunkóhun tó bá fẹ́ lọ́dọ̀ wọn.