Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Kọnfẹ́dérétì

Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Kọnfẹ́dérétì ló ń ṣòfin fún àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà tó ya kúrò lára orílẹ̀-èdè wọn nígbà Ogun Abẹ́lé, láti oṣù kejì ọdún 1861 di oṣù kẹta ọdún 1865. Ọ̀rọ̀ ẹrú ló fa ìyapa náà. South Carolina ló kọ́kọ́ jáde, ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ọdún 1860, lẹ́yìn tí Abraham Lincoln, ẹni tí kò fẹ́ kí ẹrú níní tàn ká sí i, wọlé ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà. Nígbà tí oṣù kejì máa fi bẹ̀rẹ̀, Mississippi, Florida, Alabama, Georgia, Louisiana àti Texas ti tẹ̀ lé e.

Àwọn aṣòfin àkọ́kọ́ kò tọwọ́ ará ìlú wá. Àpérò tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi pinnu láti yapa ló fà wọ́n kalẹ̀. Wọ́n pàdé ní Montgomery, ní Alabama, ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 1861, Howell Cobb ti Georgia sì ni alága wọn. Ní ọjọ́ 8 wọ́n fọwọ́ sí òfin ìpìlẹ̀ onígbà díẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, wọ́n yan Jefferson Davis sípò ààrẹ, Alexander Stephens sì di igbákejì. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ní nígbà náà, ìbò kan ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní, bó ti wù kí aṣojú rẹ̀ pọ̀ tó. Lẹ́yìn tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Fort Sumter, odi ológun kan ní South Carolina, Virginia, Arkansas, North Carolina àti Tennessee dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì kó olú-ìlú lọ sí Richmond, níbi tí àwọn àti àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Virginia ti jọ ń lo ilé ìjọba tí Thomas Jefferson yàwòrán rẹ̀.

Òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbà ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1861 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àdàkọ ti Amẹ́ríkà. Ó dá ilé méjì sílẹ̀: aṣojú ń lo ọdún méjì, sẹ́nétọ̀ tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ yàn ń lo mẹ́fà. Ààrẹ náà ń lo ọdún mẹ́fà, kò sì lè du ipò náà mọ́. Ó ka á léèwọ̀ pé kí ìgbìmọ̀ ṣe òfin tó máa gba ẹrú lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ènìyàn tó wà ní àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí, ẹrú lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta, wọn kò sì lè dìbò. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ń pín àga ilé aṣojú, ẹrú márùn-ún ń dúró fún ènìyàn mẹ́ta. Orí ẹrú ń fi àga kún àga fún àwọn tó dè é mọ́lẹ̀.

Ọkùnrin aláwọ̀ funfun nìkan ló dìbò ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1861. Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú, kò sì sí ẹni tó bá Davis du ipò. Wọ́n yan John Tyler, ẹni tó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí, sí ilé aṣojú, àmọ́ ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1862, kí ilé náà tó jókòó ní ọjọ́ 18 oṣù kejì. Thomas S. Bocock ti Virginia ni abẹnugan rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìlẹ̀kùn títì ni wọ́n máa ń jókòó sí lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdí nìyẹn tí ará ìlú kò fi tètè gbọ́ pé, ní oṣù kejì ọdún 1863, Benjamin Hill ti Georgia ju ìgò tàdáwà lu William Yancey ti Alabama láàárín ilé àgbà, tí ẹ̀jẹ̀ sì bò ó lójú.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1862 wọ́n ṣòfin tó fi dandan mú àwọn ọkùnrin ọdún 18 sí 35 wọ iṣẹ́ ológun. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, wọ́n yọ ọkùnrin kan sílẹ̀ ní oko tó bá ní ogún ẹrú, àwọn mẹ̀kúnnù sì ń kùn pé ogun àwọn olówó ni tálákà ń jà. Ní 1863 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí àgbẹ̀ bá kórè, bí ìdámẹ́wàá ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ọmọ ogun ló ń jẹ ẹ́. Davis kọ̀ láti buwọ́ lu òfin tó lé ní ọgbọ̀n. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ìbò borí rẹ̀: pé kí ìwé ìròyìn máa dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun láìgba owó.

Ìdìbò kejì, ti 1863, ló ṣàjèjì jù. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló mú ọjọ́ tirẹ̀: Virginia dìbò ní oṣù karùn-ún, North Carolina ní oṣù kọkànlá. Kí àwọn tó kẹ́yìn tó dìbò, wọ́n ti pàdánù ogun Gettysburg, ìlú Vicksburg sì ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nǹkan ti wọ́n débi pé àwọn obìnrin ti ya bo ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ní Richmond. Bíi ogójì nínú àwọn aṣojú 106 tó wọlé ló ń tako Davis.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ti wà lábẹ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ní irú ibẹ̀, àwọn jagunjagun dìbò ní ibùdó wọn, àwọn tó sá kúrò nílé sì dìbò níbi tí wọ́n sá sí. Tennessee fi gbogbo aṣojú rẹ̀ sórí ìwé ìdìbò kan náà. Kentucky àti Missouri, tí ìjọba wọn gan-an kò kúrò lára Amẹ́ríkà, náà ní àga ní Richmond. Aṣojú Arizona ṣì jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn ní 1862. Àwọn aṣòfin tí kò lè dé àdúgbò tí wọ́n ń ṣojú fún yìí ni òpó Davis. Wọ́n ń dìbò fún owó orí tí agbowó kò lè lọ gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọn, àti fún òfin tó ń mú ọmọ ọlọ́mọ lọ sógun láti ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1865 wọ́n gbà kí àwọn aláwọ̀ dúdú wọ iṣẹ́ ológun. Òfin náà kò dá ẹrú kankan sílẹ̀, àfi tí olówó rẹ̀ àti ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá gbà. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ìjókòó ká, wọn kò sì tún pàdé mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, Davis àti ìjọba rẹ̀ sá kúrò ní Richmond.