Tíọ́rì Ìpele Ìyípadà

Tíọ́rì Ìpele Ìyípadà ni àlàyé tí James Prochaska àti Carlo DiClemente ṣe nípa bí ènìyàn ṣe máa ń jáwọ́ nínú ìwà tó ń ba ìlera jẹ́, tàbí bí ó ṣe ń fi ìwà tó ṣe ara lóore kọ́ra. Àwọn méjèèjì jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ìwádìí lórí àwọn tó ń mu sìgá ló sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni Transtheoretical Model. Bí tíọ́rì náà ṣe wí, ènìyàn kì í sùn kí ó jí kí ìwà rẹ̀ ti yí padà. Ó máa ń ti ipò kan bọ́ sí òmíràn ni, ohun tó sì ràn án lọ́wọ́ ní ipò kan lè má wúlò fún un rárá ní ipò kejì.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Yunifásítì Rhode Island ni Prochaska ti ń kọ́ni. Ó kó àwọn ọ̀nà ìtọ́jú ọkàn tó gbajúmọ̀ nígbà náà jọ, ó sì ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ti Sigmund Freud títí dé ti B. F. Skinner. Ohun tó rí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń ṣàlàyé ìdí tí ènìyàn kò fi lè yí padà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló sọ bí ó ṣe lè ṣe é. Òun àti DiClemente wá kọjú sí àwọn tó ń dá sìgá fi sílẹ̀ fúnra wọn, láìdé ọ̀dọ̀ oníṣègùn kankan. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1983 dá lórí ènìyàn 872. Kò sí ọgbọ́n kan ṣoṣo tí àwọn wọ̀nyí ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bí ìgbà ṣe ń yí ni ọgbọ́n wọn ń yí.

Nínú ìwádìí 1983 yẹn, ìpadàsẹ́yìn wà lára àwọn ìpele, ìmúrasílẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n yọ ìpadàsẹ́yìn kúrò, tí wọ́n fi ìmúrasílẹ̀ sí i. Èyí ṣe pàtàkì láti rántí, torí bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ìpele náà lónìí, a lè rò pé bí wọ́n ṣe wà láti ọjọ́ kìíní nìyẹn.

Àwọn ìpele

Ìbéèrè péréte ni wọ́n fi ń mọ ìpele tí ẹnì kan wà. Ká mú ọkùnrin kan tó ń mu páàkì sìgá kan lójúmọ́. Wọn á bi í pé: ṣé ẹ ní i lọ́kàn láti fi sìgá sílẹ̀ láàárín oṣù 6 sí i? Láàárín ọjọ́ 30 ńkọ́? Láàárín ọdún kan sẹ́yìn, ṣé ẹ ti fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 gbáko torí pé ẹ fẹ́ jáwọ́?

Bí kò bá ní i lọ́kàn láàárín oṣù 6, ìpele àìtíì-ronú ló wà. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò rí bákan náà. Ẹnì kan kò mọ ewu tó wà nínú sìgá. Ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n dunjú, ó ti gbìyànjú títí ó ti sú u, ó wá kọ etí ikún sí ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá ní òun ń gbèrò rẹ̀, ó ti bọ́ sí ìpele ìrònú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń há sí. Ó mọ èrè tó wà nínú jíjáwọ́, ó mọ adùn tí yóò pàdánù, méjèèjì dọ́gba lójú rẹ̀, ó lè wá máa fònídónìí fọ̀ladọ́la fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tó fẹ́ jáwọ́ láàárín ọjọ́ 30, tó sì ti gbìyànjú wákàtí 24 yẹn wò, ló wà ní ìpele ìmúrasílẹ̀. Ọjọ́ tó bá fi sìgá sílẹ̀ ni ìpele ìgbésẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí yóò gba oṣù 6. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìdúróṣinṣin. Àwọn kan ń fi ìpele ìparí kún un, níbi tí sìgá kò ti ní wu ènìyàn mọ́ rárá, ìbáà jẹ́ nínú ayọ̀ tàbí nínú ìbànújẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tó ń dé ibẹ̀.

Ìpadàsẹ́yìn kì í sábà gbé ènìyàn padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Prochaska àti DiClemente rí i pé nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 àwọn tó tún padà sí sìgá ló dúró ní ìrònú tàbí ìmúrasílẹ̀, tí wọ́n ṣì fẹ́ gbìyànjú sí i.

Iye ènìyàn tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan ló ta àwọn elétò ìlera jí jù. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1990, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 àwọn tó ń mu sìgá kò tíì ronú sí i, ìdá 40 ń ronú, ìdá 20 péré ló ti múra sílẹ̀. Ètò tó bá ń pe gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n wá jáwọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ìdá 20 yẹn nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń ti ènìyàn síwájú

Ọgbọ́n 10 ni tíọ́rì náà kà sílẹ̀. Ìdajì wọn jẹ mọ́ èrò àti ìmọ̀lára, ìwọ̀nyí ló sì máa ń ṣiṣẹ́ ní ìpele àkọ́kọ́: gbígbọ́ nípa ewu, ìbẹ̀rù tó mú ènìyàn nígbà tí ikọ́ kò jẹ́ kí ẹbí rẹ̀ kan mí dáadáa, ríronú nípa èéfín tí ọmọ ẹni ń fà símú. Ìdajì kejì jẹ́ ohun tí a ń fi ọwọ́ ṣe. Ọkùnrin tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan á kó àwo eérú àti láítà jù nù, á yẹra fún ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ ti ń mu ún, á sì fi chíngọ́ọ̀mù sẹ́nu lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń lọ sí àpò fúnra rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń wo bí èrè àti òfò ṣe wọ̀n lójú ẹni náà, àti bí ó ṣe gbà gbọ́ tó pé òun lè ṣe é; ọ̀dọ̀ Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ni wọ́n ti mú èrò kejì yìí. Lọ́dún 1994, Prochaska àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àfiwé ìwà 12, lára wọn ni lílo kọ́ńdọ̀mù, eré ìdárayá àti àyẹ̀wò ọmú. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, èrè ti borí òfò kí ìpele ìgbésẹ̀ tó dé. Bí èrè ṣe ń pọ̀ sí i tó nǹkan bí ìlọ́po méjì bí òfò ṣe ń dínkù, èyí tó fi hàn pé sísọ ohun rere tó wà níwájú lè wúlò ju gbígbìyànjú láti dín òfò kù lọ.

Àtakò

Lọ́dún 2005, Robert West ti University College London kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ Addiction pé ó tó àkókò láti gbé tíọ́rì náà tì. Ó ní kò sídìí tí ààlà fi wà ní oṣù 6 tàbí ọjọ́ 30, wọ́n kàn fà á ni. Àtakò náà múná níbi ìbéèrè wákàtí 24: ẹni tó fẹ́ jáwọ́ lọ́la, àmọ́ tí kò gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kò lè wọ ìpele ìmúrasílẹ̀. Ní 2006, West àti Taj Sohal tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ tó fi hàn pé nǹkan bí ìdajì ìgbìyànjú láti fi sìgá sílẹ̀ ni kò ní ètò kankan ṣáájú, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló sì ṣeé ṣe jù kí ó pẹ́ tó oṣù 6. DiClemente fèsì sí West nínú Addiction kan náà pé òkú tí kò tíì kú ni wọ́n fẹ́ sin.

Àgbéyẹ̀wò ti 2010 láti ọ̀dọ̀ Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìlera jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó ìwádìí 41 jọ, tí ènìyàn tó lé ní 33,000 kópa nínú wọn. Ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ṣe lọ́nà tó bá ìpele ẹni mu kò sàn ju irú rẹ̀ tí kò wo ìpele lọ, kò sì burú jù ú lọ. Méjèèjì ló dára ju kí a má ṣe nǹkan kan. Àwọn tó ṣe àgbéyẹ̀wò náà fi kún un pé kò sí ẹ̀rí tó fi yẹ kí a fi ìmọ̀ràn jíjáwọ́ mọ sọ́dọ̀ àwọn tó ti múra sílẹ̀ nìkan.