Bí salmon ọ̀sìn ṣe di ẹja tí àrùn IPN kò rí gbéṣe

Ọdún 1970 ni Ove àti Sivert Grøntvedt, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, kó ọmọ ẹja salmon sínú àwọ̀n létíkun erékùṣù Hitra ní orílẹ̀-èdè Norway. Ẹja náà dàgbà, ó sì mówó wọlé. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ bíi Harald Skjervold àti Trygve Gjedrem fi ń kó irú ẹja jọ láti inú nǹkan bí ogójì odò, kí wọ́n lè mọ ìdílé tó ń yára tóbi. Ọ̀rọ̀ àrùn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tó dé, IPN (infectious pancreatic necrosis) wà lára èyí tó kó wọn láyà sókè. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Ó máa ń ba ẹ̀yà inú tó ń pèsè oje tí ń da oúnjẹ jẹ́. Ó ń pa ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ oúnjẹ jẹ, ó sì tún ń pa èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé láti inú omi odò lọ sínú òkun. Ẹni tó bá ti sin ẹja rí, ì báà jẹ́ àrọ̀ nílé wa níbí, mọ bí irú òfò bẹ́ẹ̀ ṣe ń dunni tó. Síbẹ̀, nínú omi kan náà, ọmọ ìdílé kan á kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ti ìdílé kejì á sì máa jẹun lọ.

Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Roslin Institute ní Skọ́tílándì rí ibi tí ìyàtọ̀ náà wà nínú àbùdá ẹja. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ti AquaGen, ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè ẹyin salmon ní Norway, náà bá a níbẹ̀. Ojú kan ṣoṣo, lórí kromosóòmù 26 (ọ̀kan lára àwọn okùn tó ń gbé jíìnì), ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ru gbogbo ìyàtọ̀ tí àjogúnbá ń mú wá! Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, nítorí jíìnì púpọ̀ ló sábà máa ń pín irú agbára bẹ́ẹ̀ láàárín ara wọn. Wọ́n wá ń yẹ àbùdá òbí ẹja wò kí wọ́n tó gba ẹyin rẹ̀. Láàárín ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ìbẹ́sílẹ̀ IPN ní Norway dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ohun tó wú mi lórí jù nìyí: àmì lásán tó wà nítòsí ojú náà nínú àbùdá ni wọ́n ń tẹ̀ lé, wọn ò tíì mọ jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ náà gan-an.

Ní 2015, àwọn ti Norway nàka sí cdh1, jíìnì tó ń ṣe purotéènì ara sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní ó jọ pé òun ni ẹnu ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọlé.

Àwọn ti Roslin tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Kí jíìnì wà lára jẹ́ ọ̀tọ̀, kí ara jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jẹ́ ọ̀tọ̀: ìgbà wo, níbo, báwo ló ṣe pọ̀ tó? Wọ́n kó fáírọ́ọ̀sì ran ọmọ ẹja tó jogún agbára lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, wọ́n tún kó o ran èyí tí kò jogún rẹ̀ rárá, wọ́n wá ń wo bí iṣẹ́ jíìnì wọn ṣe yàtọ̀ síra. Jíìnì nae1 ló yọjú. Purotéènì rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan nínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tó ń lẹ ohun kékeré kan mọ́ àwọn purotéènì mìíràn láti yí ìṣe wọn padà. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2021, wọ́n fi CRISPR, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé jíìnì, ba nae1 jẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì salmon, fáírọ́ọ̀sì ò sì lè bí sí i bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi kẹ́míkà dá purotéènì náà dúró, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ba cdh1 jẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ dí fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

Irú ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ ń tọ̀ báyìí lórí kòkòrò tó ń lẹ̀ mọ́ awọ salmon tó sì ń jẹ ẹ́ lára. Coho, ìbátan salmon láti òkun Pàsífíìkì, máa ń lé kòkòrò náà dànù. Wọ́n ń fi awọ ẹja méjèèjì wéra, kí wọ́n lè mọ jíìnì tó ń jí lára coho tí kì í jí lára ti Norway.