Ibi tí ìwòsàn jẹjẹrẹ ilé-ẹyin àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ti ṣẹ̀ wá

Jẹjẹrẹ ilé-ẹyin tí a sábà máa ń gbọ́, àwọn ìyá tó ti lọ́jọ́ lórí ló pọ̀ jù lára àwọn tó ń mú. Ọ̀tọ̀ ni kókó jẹjẹrẹ ilé-ẹyin tí àwọn dókítà ń pè ní yolk sac tumor. Ó ṣọ̀wọ́n, ọmọdébìnrin àti ọmọge ló sì ń bá fínra. Ikùn ọmọ á máa wú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, inú á máa run ún, àwọn ará ilé á sì máa fura pé ó ti lóyún.

Ikú ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1976, àwọn dókítà Kurman àti Norris ní Amẹ́ríkà ṣàyẹ̀wò aláìsàn 71. Ọmọ ọdún 19 ló wà láàárín gbùngbùn ọjọ́ orí wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣẹ́kù láàyè.

Àwọn onímọ̀ pàápàá kò kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Walter Schiller ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1939, ó rò pé ara ohun tí kíndìnrín ọlẹ̀ ti ń hù ló ti wá. Gunnar Teilum ní Copenhagen kò gbà. Lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan wà láàárín tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tò yí ká, irú èyí tí Duval ará Faransé ti rí nínú ibi ọmọ eku. Teilum ní àpò tó ń bọ́ ọlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oyún ni kókó yìí jọ, ó sì fún un lórúkọ tuntun ní 1959. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé kókó náà ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ AFP sínú ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpò yẹn ṣe ń ṣe. Èyí tó ṣe iyebíye jù lójú tèmi ni pé Teilum rí kókó kan náà nínú kórópọ̀n ọkùnrin. Ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí ni oògùn ti wá. Barnett Rosenberg, ní Michigan State University, ń wádìí ohun tí iná mànàmáná ń ṣe sí sẹ́ẹ̀lì tó ń pín. Ó ki irin kan tó ń jẹ́ platinum bọ omi tí bakitéríà wà nínú rẹ̀, ó tan iná sí i. Bakitéríà kò pín mọ́, wọn ò sì kú. Ńṣe ni wọ́n ń gùn ṣáá, títí àwọn kan fi gùn ní ìlọ́po 300. Iná kọ́ ló fà á, platinum tó ń yọ́ sínú omi ni. Ó tẹ ìròyìn náà jáde ní 1965. Ní 1969 ó fi hàn pé irú èròjà bẹ́ẹ̀, cisplatin, ń pa kókó jẹjẹrẹ lára eku.

Ní 1974, Lawrence Einhorn ní Indiana University pa cisplatin pọ̀ mọ́ oògùn méjì mìíràn, vinblastine àti bleomycin, fún àwọn ọkùnrin tí jẹjẹrẹ kórópọ̀n wọn ti ràn káàkiri ara. Wọ́n bì bí ẹni tí ìfun rẹ̀ fẹ́ jáde. Cisplatin ń ba kíndìnrín jẹ́, àfi kí wọ́n fa omi púpọ̀ sí wọn lára. Síbẹ̀, àwọn tí a ti sọ̀rètí nù lórí wọn dìde. Ìbátan tí Teilum fi hàn ló jẹ́ kí àwọn dókítà tó ń tọ́jú àrùn obìnrin gbé àpapọ̀ oògùn yìí fún àwọn ọmọge. Oògùn mìíràn, etoposide, rọ́pò vinblastine lẹ́yìn náà.

Lónìí, bí wọ́n bá tètè rí i, ó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ wọ̀nyí tó ń yè. Ilé-ẹyin tí kókó wà lára rẹ̀ ni wọ́n máa ń yọ. Wọ́n á fi èkejì àti ilé-ọmọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ń bímọ lẹ́yìn ìtọ́jú.