Bí sitirọ́bẹ́rì ṣe ń di sọ́ọ̀sì láìbu omi sí i

Ohun tó máa ń ba sọ́ọ̀sì sitirọ́bẹ́rì jẹ́ jù ni omi tí wọ́n bù sí i níbẹ̀rẹ̀. Èso á wà nínú ìkòkò, gbogbo ẹ̀ á dà bíi pé ó gbẹ, ẹ̀rù á wá máa ba èèyàn pé ó fẹ́ jóná, ló bá da ife omi kan lé e. Omi yẹn náà ló tún máa fi iná lé kúrò níbẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, kó tó lọ tán òórùn dídùn èso ti bá èéfín lọ, àwọ̀ ẹ̀ náà ti ń ṣú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi ò wọ́n sitirọ́bẹ́rì rárá. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀, bíi 91 ló jẹ́ omi, tó túmọ̀ sí pé tẹ́ ẹ bá wọn 500 gíráàmù sínú ìkòkò, omi tó ju 450 lọ ti wà ńbẹ̀ ná. Inú èso ló wà, ká fà á jáde ló kù.

Ṣúgà ló ń fà á jáde, kì í ṣe iná. Ẹ kọ́kọ́ fọ èso yẹn pẹ̀lú ewé orí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e kúrò o, torí tí wọ́n bá ti yọ orí ẹ̀ tán, ojú ihò yẹn á máa fa omi ẹ̀rọ wọlé, adùn ẹ̀ á sì dín kù. Ẹ wá là á sí mẹ́rin mẹ́rin, ẹ wọ́n 100 gíráàmù ṣúgà lé e, ìyẹn bíi ṣíbí ìjẹun ńlá mẹ́jọ, ẹ rò ó pọ̀, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ níbi tí ọ̀bẹ ti là á. Nígbà tí omi ẹ̀yìn òde bá ti wá dùn ju omi inú èso lọ, tinú ò ní lè dúró mọ́, á máa jò jáde díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá padà dé ìdí abọ́ yẹn, ẹ máa rí omi pupa tó ń dán nísàlẹ̀, èso fúnra ẹ̀ á ti rọ̀, á ti sún kì díẹ̀, kò dẹ̀ sẹ́ni tó bu nǹkan kan sí i. Omi yẹn ni sọ́ọ̀sì.

Ìdí nìyẹn tí sitirọ́bẹ́rì inú fírísà fi dáa gan-an fún iṣẹ́ yìí. Yìnyín tó dì sínú ẹ̀ ti fa ara èso ya látinú wá, tó bá ti yọ́, omi á kàn tú jáde ni. Kẹ́nikẹ́ni má da omi yẹn nù jàre, inú ìkòkò ni kẹ́ ẹ dà á sí pẹ̀lú èso. Bákan náà ni èyí tó ti Jos wá. Orí òkè Plateau níbẹ̀ ga, ó tutù ju ìsàlẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin sitirọ́bẹ́rì ní Nàìjíríà, wọ́n á máa bomi rin ín lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n ń ká a. Títí ọkọ̀ á fi gbé e dé Èkó, àwọn kan nínú ẹ̀ á ti fara gbọgbẹ́, kò ní wuyì lórí kéèkì mọ́, àmọ́ kò sóhun tó ṣe é tá a bá fẹ́ sè é. Èyí tó bá ti bu nìkan ni kẹ́ ẹ jù nù.

Kó tó dórí iná, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí lẹ́mọ́ọ̀nù sí i, ṣíbí ńlá kan tó. Ó máa gé adùn ṣúgà, ó máa jẹ́ kí àwọ̀ pupa ẹ̀ dúró, ó sì máa ran pẹ́kítìnì lọ́wọ́. Pẹ́kítìnì ni nǹkan inú èso tó ń jẹ́ kí omi ẹ̀ dì, sitirọ́bẹ́rì ò dẹ̀ ní púpọ̀ bíi ápù. Torí kíkan yìí náà ni ìkòkò alumíníọ̀mù ò fi dáa, èso tó kan á máa jẹ ara ìkòkò, ẹnu á sì mọ̀ ọ́n. Ẹ lo sitéènlẹ́ẹ̀sì tàbí tánganran tí kò tíì ṣá.

Ẹ yọ bí ìdá kan nínú mẹ́ta èso sọ́tọ̀, ẹ gbé ìyókù kaná pẹ̀lú gbogbo omi ẹ̀, iná kó mọ níwọ̀n. Á hó, á yọ ìfófòó aláwọ̀ osùn lójú, ẹ bù ú kúrò. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún ẹ dín iná kù, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ díẹ̀ fọ́ nínú ẹ̀, kó máa hó jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá sí i. Ẹ wá da èyí tẹ́ ẹ yọ sọ́tọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn, òun ló máa jẹ́ kẹ́ni tó ń jẹ ẹ́ mọ̀ pé èso tútù lòun ń jẹ.

Ibi tó ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìgbà tó yẹ kí wọ́n sọ̀ ọ́. Sọ́ọ̀sì tó bá ti ki lórí iná ti kọjá sọ́ọ̀sì, tó bá tutù tán jáàmù ló máa dà. Jáàmù máa ń gbóná dé bíi 104 tàbí 105 lórí ìwọ̀n Celsius, ṣúgà inú ẹ̀ sì pọ̀ gan-an, sọ́ọ̀sì ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá. Ẹ ti fi àwo pẹrẹsẹ kan sí fírísà ṣáájú, ẹ kán díẹ̀ sí i, ẹ fi ìka la àárín ẹ̀ kọjá. Tí ojú ọ̀nà yẹn bá dé pa lójú ẹsẹ̀, ó ṣì kù. Tó bá rọra ń dé bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ pa iná, kódà tí èyí tó wà nínú ìkòkò bá ṣì ń ṣàn lójú yín.

Àwọn kan máa ń fi kọnfláwà sí i. Kò pọn dandan, ó sì máa ń jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀ ṣú díẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ pé orí kéèkì lẹ fẹ́ dà á sí, tẹ́ ò fẹ́ kó ṣàn sílẹ̀, ṣíbí kékeré kan tó. Bá a ṣe ń fi omi tútù po ògì ká tó gbé e kaná náà ni kẹ́ ẹ ṣe kọ́kọ́ pò ó kẹ́ ẹ tó dà á sínú ìkòkò, tẹ́ ẹ bá da ìyẹ̀fun gbígbẹ sínú nǹkan gbígbóná, kókó ló máa ṣe. Jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú kan, má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, torí kíkan èso á padà tú u.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kúnná lè lọ̀ ọ́ ní bulẹ́ńdà kó sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ, àmọ́ kó tutù díẹ̀ ná, nǹkan gbígbóná lè ti ìdérí bulẹ́ńdà fò. Lórí páńkéèkì, wọ́ọ̀fù, àti ótsì, ó dáa ní lílọ́wọ́ọ́wọ́. Lórí yógọ́ọ̀tì àti áísìkirímù, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa. Ẹ má rò ó mọ́ mílíìkì tó ń hó o, ó máa dì sí kókó.

Ṣúgà inú ẹ̀ ò tó láti dáàbò bò ó bíi ti jáàmù, torí náà kò ṣeé gbé sórí kábọ́ọ̀dù. Nínú fíríìjì, ọ̀sẹ̀ kan; nínú fírísà, bí oṣù mẹ́ta. Níbi tí iná ìjọba kì í ti í dúró, ẹ pín in sínú ike kéékèèké tàbí àwo tí wọ́n fi ń dì yìnyín, kó lè jẹ́ pé ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa jẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan lẹ máa yọ́.