Òkun kọ́ ló sá fún Éfésù

Òpópónà mábù kan wà ní Éfésù, ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, tó gùn tó nǹkan bí 500 mítà, láti iwájú gbọ̀ngàn eré lọ sí èbúté. Lónìí, irà àti eèsún ló kángun sí. Òkun ti wà ní bíi kìlómítà 5 síbẹ̀, àwọn èèyàn á sì máa wí pé ńṣe ló fà sẹ́yìn. Òkun ò fà síbì kankan. Odò Cayster ló ń kó ilẹ̀ wá dí i.

Bí òjò bá rọ̀ sórí òkè, pàápàá níbi tí wọ́n ti gé igi dáko, erùpẹ̀ á wọ́ sínú odò. Níwọ̀n ìgbà tí odò bá ń sáré, erùpẹ̀ ò ráyè jókòó. Bó bá pàdé òkun, eré á tán: yanrìn á kọ́kọ́ balẹ̀, ẹrẹ̀ kíkúnná á rìn síwájú díẹ̀, iyọ̀ á mú un dì pọ̀, òun náà á wá rì. Bí omi tí a pọn lódò ṣe ń ṣe nínú àmù gan-an nìyẹn: bí ẹnikẹ́ni ò bá rú u mọ́jú, òkè á tòrò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á wà nísàlẹ̀.

Àmù yìí gan-an ni Attalus Kejì, ọba Págámù (159 sí 138 ṣáájú ìbí Kristi), tí Éfésù wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ò rò mọ́ ọn. Ẹnu èbúté fẹ̀, omi rẹ̀ ò jìn. Ọba ní kí wọ́n mọ ògiri òkúta sínú omi, kí ẹnu náà fún, kí ibẹ̀ lè jìn tó fún ọkọ̀ ńlá. Èrò òpè kọ́ o. Nínú odò, ibi tó fún ni omi ti ń sáré, tó sì ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n èbúté kì í ṣe odò. Strabo, Gíríìkì àtijọ́ kan tó kọ̀wé nípa ilẹ̀ ayé, kọ ọ́ pé òkun tó ń wọlé tó ń jáde ló ti ń bá wọn gbọn ẹrẹ̀ dànù tẹ́lẹ̀. Ọba wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé àmù lọ́mọrí. Gbogbo inú èbúté kún títí dé ẹnu.

Kíkó ẹrẹ̀ ló kù. Gómìnà Róòmù kan, Barea Soranus, ṣí èbúté náà ní nǹkan bí ọdún 61 lẹ́yìn ìbí Kristi. Òmíràn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ fòfin de àwọn oníṣòwò igi, torí ẹrù wọn ń wó òpó etí omi, ó sì lé àwọn tó ń rẹ́ mábù, torí iyanrìn tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹ ń dà sínú èbúté. Ẹni yẹn ló lójú inú jù nínú gbogbo wọn. Nígbà tó yá, ipadò tí wọ́n gbẹ́ ni ọkọ̀ ń gbà wọ èbúté, wọ́n sì ń fà á gùn sí i bí ilẹ̀ ṣe ń lé òkun lọ.