Sóyà tí a gbìn fún ẹran: bí bakitéríà inú gbòǹgbò ṣe ń bá a wá oúnjẹ

Náítírójìn ló ń jẹ́ kí ewé sóyà dúdú minimini, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ewúrẹ́ tó jẹ ewé ọ̀hún sanra. Ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ ni náítírójìn, àmọ́ sóyà kò lè dá mú un. Bakitéríà tó ń jẹ́ Bradyrhizobium ló ń bá a mú un. Ó máa ń gba ara irun gbòǹgbò wọlé, ibẹ̀ á wú di kókó. Sóyà á máa fi ṣúgà tí ewé rẹ̀ ṣe bọ́ ọ, òun náà á sọ náítírójìn afẹ́fẹ́ di ohun tí sóyà lè lò. Ọ́síjìn máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́, ìdí nìyẹn tí èròjà pupa kan, tó jọ èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n, fi wà nínú kókó, tó ń pín ọ́síjìn káàkiri níwọ̀nba.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni sóyà ti wá, nítorí náà bakitéríà tó ń bá ẹ̀wà àti ẹ̀pà wa ṣe kì í sábà bá a mu. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, ti mú irú sóyà tí wọ́n ń pè ní TGx jáde, tó ń gba bakitéríà ilẹ̀ wa, síbẹ̀ bakitéríà ọ̀hún lè má pọ̀ tó níbi tí wọn kò ti gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ra bakitéríà náà láti fi kun irúgbìn sóyà. Stylo, ewéko kan tí wọ́n ń gbìn fún ẹran, kò yan bakitéríà bẹ́ẹ̀. Owó tí wọ́n bá fi ra bakitéríà fún un lè ṣòfò.

Ìyẹ̀fun dúdú bí èlùbọ́ tó sá dáadáa ni bakitéríà tí wọ́n ń tà. Páálí 100 gíráàmù tó irúgbìn kílò 10 sí 15. Éékà kan á gba páálí méjì. Ohun ẹlẹ́mìí ni, àṣìṣe tó pọ̀ jù sì ni pé ó ti kú kó tó dé oko. Bí wọ́n bá jù ú sí búùtù ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, ìyẹ̀fun lásán ni wọ́n lè gbé dé. Ìsàlẹ̀ fíríìjì ni kó wà, kì í ṣe inú yìnyín, kí wọ́n sì wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́.

Abẹ́ ìbòòji ni wọ́n ti ń pò ó. Wọ́n á yọ́ ṣúgà 100 gíráàmù sínú omi lítà kan, wọ́n á fi bíi ìdá kan nínú mẹ́rin lítà rẹ̀ rẹ irúgbìn kílò 10, kó kàn lẹ̀, kó má ṣe rin gbingbin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da ìyẹ̀fun sí i, tí wọ́n á rọra yí i títí gbogbo rẹ̀ á fi dúdú. Ọjọ́ náà ni kí wọ́n gbìn ín, sí ilẹ̀ tútù, kí wọ́n sì bò ó lójú ẹsẹ̀. Irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn pupa kùn kò dára fún un, oògùn náà lè pa bakitéríà.

Yúríà ńkọ́? Kí wọ́n má fi sí i: sóyà tó rí náítírójìn nílẹ̀ kì í wá ọ̀rẹ́. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló nílò, ilẹ̀ wa kì í sì í ní in tó. SSP, ajílẹ̀ tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, àpò 50 kílò méjì tó éékà kan.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, kí wọ́n fi ọkọ́ wú igi mélòó kan. Bí wọ́n bá fà á tu, kókó á já sílẹ̀. Kí wọ́n fi omi ṣan gbòǹgbò, kí wọ́n fi abẹ la kókó. Pupa tàbí píńkì ń ṣiṣẹ́. Funfun kò tíì bẹ̀rẹ̀ tàbí kò lè ṣe é. Tútù bí ewé ti gbó. Bí kókó ńláńlá bá kó jọ sí òkè gbòǹgbò àárín, ìyẹ̀fun náà jẹ́. Bí ó bá fọ́n ká sí ẹ̀gbẹ́ nìkan, ti inú ilẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Ìgbà tí ọmọ ti kún èèpo tí ewé kò tíì pọ́n ni wọ́n ń gé e fún ẹran. Èyí tí wọ́n gbìn ní ìparí oṣù Kẹjọ á bọ́ sí àkókò tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó sì máa gbẹ dáadáa. Kí wọ́n gé e, kí wọ́n má hú u, kí kókó lè jẹrà sílẹ̀ fún àgbàdo tó ń bọ̀. Òwúrọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀ díẹ̀, ni kí wọ́n dì í. Bó bá di ọ̀sán, ewé á ti rún sílẹ̀, igi nìkan ni wọ́n á kó lọ sílé.